Bí ẹ ṣe lè ya fọ́tò ojú èèyàn tí kò ní dà bíi pásípọ́ọ̀tù

Ẹni tí ẹ fẹ́ yà dúró síwájú ògiri, ó na ara ṣánṣán, ó rẹ́rìn-ín, ẹ tẹ kámẹ́rà. Fọ́tò náà mọ́ kedere, kò sí ibi tó ti bà jẹ́. Àmọ́ ẹ tò ó mọ́ àárín ogún mìíràn tí ẹ ti yà rí, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí wọn. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń há sí. Wọ́n á ra lẹ́ǹsì tuntun, wọ́n á wa áàpù tó ń pa àwọ̀ dà sórí fóònù, ojú kan náà ni wọ́n á tún bá a.

Ohun tó ń fà á ni pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ibi gbogbo bọ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń ti ibi gbogbo bọ̀, òjìji ò ní sí níbẹ̀, níbi tí òjìji ò bá sì sí, ojú èèyàn á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé. Nítorí náà, yíyọ kúrò la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe fífi kún. Ẹ óò kọ́kọ́ pa ìmọ́lẹ̀ yàrá títí á fi ku ẹyọ kan, ẹ óò mọ bí wọ́n ṣe ń darí ẹyọ kan yẹn, lẹ́yìn náà lẹ óò wá fi dárà.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Fóònù tàbí kámẹ́rà. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà, lẹ́ǹsì 50mm tàbí 85mm ló yẹ iṣẹ́ yìí jù (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó). Tó bá jẹ́ fóònù, èyí tó ní lẹ́ǹsì 2x tàbí 3x, ìyẹn èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ló dára.
- Yàrá tó ní fèrèsé ńlá kan. Tí oòrùn bá ń ràn wọlé tààrà, ẹ wá kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀.
- Páálí funfun, nǹkan bíi 50 sí 70 sẹ̀ǹtímítà.
- Aṣọ dúdú tó fẹ̀ tó aṣọ ibùsùn. Àrán dúdú ló dára jù, torí ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, kì í dá a padà. Aṣọ dúdú tó ń dán kò wúlò níbí.
- Àpótí ìjókòó tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ti rí ibi fẹ̀yìn tì, ejìká rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀.
- Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, aṣọ léèsì tàbí ohunkóhun tó ní ihò, àti gíláàsì pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ kò mú.
- Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, fún ìpele karùn-ún nìkan.
- Aṣọ mímọ́ tí wọ́n fi ń nu lẹ́ǹsì.

Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fẹ́ yà pé wákàtí kan ni ẹ máa lò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè gbé iṣẹ́ yìí.

Ìpele 1: Ẹ yan ohun kan ṣoṣo

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, ẹ jókòó ti ẹni náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa wò ó. Kí ló ń fa ojú yín? Ó lè jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó gùn, ó lè jẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ bó ṣe máa ń wo ilẹ̀ kó tó dáhùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn èyí, torí gbólóhùn yẹn ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé èèyàn á fẹ́ kó òjìji, àwọ̀ aláràbarà, gíláàsì àti aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ pọ̀ sínú fọ́tò kan. Ohun mẹ́rin tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ìpele 2: Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, kí ẹ darí èyí tó kù

Ìpele yìí ni kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Ẹni tó bá gbà á mú, ìyókù á rọrùn fún un.

Ẹ pa gbogbo gílóòbù tó wà nínú yàrá. Gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ẹyin iná sábà máa ń wà ní 2700 sí 3000 K (K, ìyẹn Kelvin, ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bíi 5500 K, ó sì tutù ju ti gílóòbù lọ. Tí méjèèjì bá pàdé lójú èèyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á pọ́n, èkejì á fẹ́ ṣe bí aró. Bí ẹ bá tún apá kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà, apá kejì á bà jẹ́ sí i.

Tí fèrèsé bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi aṣọ bo ìyókù. Ẹ gbé àpótí sí nǹkan bíi mítà kan sí fèrèsé tó kù, kí ẹ sì rí i pé mítà méjì ó kéré tán wà láàárín ẹ̀yìn ẹni náà àti ògiri. Àlàfo yẹn ṣe pàtàkì. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jìnnà sí fèrèsé ló ń rẹ̀ sí i, torí náà ojú á mọ́, ògiri tó jìnnà á sì ṣókùnkùn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fara ti ògiri, ìmọ́lẹ̀ kan náà ló máa bà á bà ògiri, ojú ò sì ní yọ mọ́.

Ní báyìí, ẹ ní kí ó kọjú sí fèrèsé, kí ó wá máa yí orí kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró lójú kan, kí ẹ má ṣe wo nǹkan mìíràn ju òjìji imú rẹ̀ lọ.

Nígbà tó kọjú sí fèrèsé gan-an, òjìji ò sí, ojú tẹ́. Bó bá yí tó igun 45 dìgírì, òjìji imú á gùn, á lọ pàdé òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìnnà sí fèrèsé. Lábẹ́ ojú tó wà ní apá ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan á ṣẹ́ kù tó ní igun mẹ́ta. Ó yẹ kí ó má fẹ̀ ju ojú náà lọ, kí ó má sì gùn ju imú lọ. Orúkọ Rembrandt, ọ̀gá nínú kíkun àwòrán ní ilẹ̀ Netherlands, ni àwọn ayàwòrán fi ń pe irú ìmọ́lẹ̀ yìí, torí ó wà nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ojú tó kùn. Bó bá yí tó igun 90, ìdajì ojú á wọnú òkùnkùn pátápátá. Ìyẹn náà dára, pàápàá fún ẹni tí gbólóhùn ìpele kìíní rẹ̀ jẹ mọ́ ìrònú tàbí àṣírí.

Nígbà tí ẹ bá ti rí igun tó bá gbólóhùn yín mu, ẹ pinnu bí òjìji ṣe máa jinlẹ̀ tó. Bí ẹ bá fẹ́ kó jinlẹ̀, ẹ ta aṣọ dúdú sí apá tó dojú kọ fèrèsé, nǹkan bíi 50 sẹ̀ǹtímítà sí ojú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó fúyẹ́, páálí funfun ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Ẹ máa sún páálí mọ́ ọn, ẹ máa fà á sẹ́yìn, kí ẹ máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré, ẹ óò rí ìyàtọ̀ rẹ̀ láìlo kámẹ́rà rárá.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí. Àkọ́kọ́ ni ògiri aláwọ̀: ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé á da àwọ̀ ewé sí òjìji ojú, ẹ fi aṣọ dúdú bò ó. Èkejì ni aṣọ ọrùn ẹ̀yin fúnra yín, torí ṣẹ́ẹ̀tì pupa tí ẹ wọ̀ máa ń ta sí àgbọ̀n ẹni tí ẹ ń yà. Aṣọ dúdú tàbí eérú ni kí ẹ wọ̀. Ẹ̀kẹta ni fèrèsé tó lọ sílẹ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn rí bí iwin. Ẹ bo ìdajì ìsàlẹ̀ fèrèsé náà, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti òkè ojú rẹ̀ wá.

Àyẹ̀wò: Ẹ dín ojú yín kù bí ẹni tí oòrùn ń pa, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣókùnkùn gbọ́dọ̀ ya ara wọn sọ́tọ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wo inú ẹyinjú rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí àwòrán fèrèsé ẹyọ kan níbẹ̀, níhà òkè, ní ibi tí ọwọ́ aago máa ń wà nígbà tí aago bá lu mẹ́wàá tàbí méjì. Tó bá jẹ́ méjì lẹ rí, ìmọ́lẹ̀ mìíràn ṣì ń wọlé. Tí kò bá sí rárá, ẹyinjú ti kú nìyẹn. Ẹ ní kí ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ tàbí kí ó yí ojú padà sí fèrèsé títí á fi tàn.

Ìpele 3: Ẹ to kámẹ́rà

Ẹ nu lẹ́ǹsì. Òróró ìka tó wà lójú lẹ́ǹsì fóònù ló ń fa kùrukùru tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé fóònù wọn ló ti gbó.

Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ má ṣe fi lẹ́ǹsì gbàgede (èyí tó ń mú ibi tó fẹ̀) súnmọ́ ojú èèyàn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: tí imú bá wà ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí fóònù, etí á wà ní nǹkan bíi 42. Etí fi ìdá méjì nínú márùn-ún jìnnà ju imú lọ, ìdí nìyẹn tí imú fi ń wú bí ìṣáná tó gbiná tí etí sì ń sá pamọ́. Tí ẹ bá sún sẹ́yìn sí mítà méjì, ìyàtọ̀ yẹn kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ dúró ní mítà kan àbọ̀ sí méjì, kí ẹ lo 2x. Ẹ fi ìka tẹ ẹyinjú rẹ̀ lójú fóònù, kí ẹ má gbé e kúrò títí fóònù á fi fi hàn pé òun ti dì í mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àmì oòrùn tó yọ sísàlẹ̀ kí àwòrán lè ṣókùnkùn díẹ̀.

Tó bá jẹ́ kámẹ́rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: ihò lẹ́ǹsì f/2.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó), shutter 1/200 (ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú, ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá kan), ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó) láàárín 400 sí 1600 bí yàrá bá ṣe mọ́lẹ̀ tó, fáìlì RAW (èyí tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ tún ṣe). Ẹ má yára lọ sí f/1.8. Lẹ́ǹsì 85mm ní f/1.8, tí ẹni tí ẹ ń yà bá wà ní mítà kan àbọ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré ló máa mọ́ kedere. Bó bá yí ojú díẹ̀, ojú kan á mọ́, èkejì á dà rú. Ojú tó súnmọ́ kámẹ́rà jù ni kí ẹ máa fi lẹ́ǹsì mú, ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wá kù. Kámẹ́rà kò mọ ohun tó ń wò. Ohun gbogbo ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú agbedeméjì. Bó bá rí yàrá tó ṣókùnkùn tàbí ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, á rò pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, á wá tan gbogbo rẹ̀ sókè. Òjìji tí ẹ ti fi sùúrù tò á parẹ́, iwájú orí á jó di funfun. Ẹ fa ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà (èyí tí wọ́n fi àmì +/- hàn) sísàlẹ̀ sí -1, kí ẹ wò ó, kí ẹ tún un ṣe láti ibẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú: ohun tó ń gbé ẹwà awọ dúdú jáde ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dán lórí rẹ̀, kì í ṣe kí a tan gbogbo ojú sókè. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí ẹ fi òróró tín-ín-rín ra egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti òkè imú, ẹ óò rí i bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa sáré gba orí rẹ̀ kọjá, tí ìyókù á sì dúró ní àwọ̀ rẹ̀ gan-an. Títan ojú sókè títí á fi di eérú, ìyẹn gan-an ló ń ba fọ́tò aláwọ̀ dúdú jẹ́.

Àyẹ̀wò: Ẹ ya ẹyọ kan, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà títí ẹyinjú á fi kún ojú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lè ka irun ìpéǹpéjú. Ẹ wo iwájú orí àti ṣóńṣó imú bóyá ibì kan ti jó di funfun láìku àmì awọ. Tó bá ti jó, ẹ tún dín in kù. Ibi tó bá jó kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ìpele 4: Ẹ fún ẹni náà ní iṣẹ́ ṣe

"Ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe" kì í ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ bí òun ṣe máa ń ṣe nígbà tí lẹ́ǹsì bá dojú kọ ọ́. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

Ẹ ní kí ó dijú, kí ó mí sínú, kí ó mí jáde tán, kí ó wá lajú nígbà tí ẹ bá kà dé mẹ́ta. Lọ́gán tó bá lajú ni kí ẹ tẹ kámẹ́rà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn, kò tíì rántí ẹ̀rín tó máa ń rín fún fọ́tò. Ẹ tún lè ní kí ó ka nǹkan sókè, kí ó máa tú ìdè aṣọ rẹ̀, kí ó gbọ́ ohùn kan láti yàrá kejì. Bó bá ti rò pé ẹ ti parí, tí ejìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ya mẹ́ta sí i kíákíá.

Fún àgbọ̀n, ẹ ní kí ó gbé e síwájú díẹ̀, kí ó wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àmọ́ lójú kámẹ́rà, ọrùn á gùn, àgbọ̀n á sì yọ. Fún ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà rí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìn ọwọ́ fẹ̀, á bá ojú du àyè. Bó bá fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó kàn án ni, kí ó má tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń gé fọ́tò, ẹ lè gé òkè orí kúrò, kò burú. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gé ni oríkèé: ọrùn ọwọ́, ìgúnpá, orúnkún. Ibi tí oríkèé bá ti pín, ó máa ń dà bíi pé wọ́n gé e lọ́wọ́.

Ẹ má fọwọ́ kan irun tàbí aṣọ rẹ̀ láìtọrọ àyè.

Ìpele 5: Ẹ wá dárà

Ẹyọ kan ni kí ẹ yan lọ́jọ́ kan nínú àwọn wọ̀nyí.

Òjìji aláràbarà. Ẹ ṣú yàrá, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí mítà méjì sí ojú rẹ̀, kí ẹ na aṣọ léèsì sí àárín wọn. Bí léèsì bá wà ní 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ojú, òdòdó ara rẹ̀ á hàn kedere lórí awọ. Bí ẹ bá sún un lọ sọ́dọ̀ tọ́ọ̀ṣì, òjìji á tóbi, á sì máa yọ́. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré kí ó sì le. Ẹni tó bá fi kọ́tìnì funfun bo tọ́ọ̀ṣì ti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fọ́n ká, òjìji ò sì ní hàn. Oòrùn tààrà náà ṣe é lò dáadáa. Ẹ yí léèsì títí ihò kan á fi jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ojú kan ó kéré tán. Bí òjìji bá bo ojú méjèèjì, àwòrán léèsì lẹ yà. Tí ìlà dúdú bá ń gba ojú fọ́tò kọjá, iná LED ló ń tàn tó ń kú lọ́nà tí ojú èèyàn kò lè rí. Bó bá jẹ́ iná tí ẹ so mọ́ ògiri lẹ ń lò, ẹ dín shutter sí 1/50 tàbí 1/100 níbi tí iná ilé ti jẹ́ 50 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tàbí 1/60 níbi tó ti jẹ́ 60 Hz.

Gíláàsì níwájú lẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà di ẹyinjú ẹni náà mú ná, kí ẹ tó gbé gíláàsì wá, torí bí gíláàsì bá ti dé, òun ni kámẹ́rà á máa wò. Ẹ gbé e sí sẹ̀ǹtímítà kan sí márùn-ún sí lẹ́ǹsì, kí ó bo ìdá kan nínú mẹ́ta péré, kí ẹ máa yí i. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀kán omi tí kò ní ṣàn, ẹ po omi àti glycerin dọ́gba, kí ẹ fín in sára gíláàsì. Tí àwòrán tiyín bá ń hàn nínú gíláàsì, ẹ da aṣọ dúdú borí, kí ẹ sì yí gíláàsì náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Àwọn kan máa ń fi Vaseline ra ojú lẹ́ǹsì kí àwòrán lè rí bí àlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ fi ra náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara tàbí gíláàsì ìdáàbòbò, kí ẹ wá gbé ìyẹn síwájú lẹ́ǹsì. Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ pa ìlò fóònù tó ń mú kí ẹ̀yìn èèyàn dà rú nínú fọ́tò (Portrait mode), torí á ka gíláàsì mọ́ ẹ̀yìn, á sì gé etí àti irun jẹ.

Ara tó ń mì. Kámẹ́rà wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, shutter 1/8 sí 1/4, ISO 100, f/8. Ẹni náà fi ẹ̀yìn orí ti ògiri kí ojú má bàa mì, kí ó máa mi ọwọ́ tàbí kí ó máa ju aṣọ. Bí fọ́tò bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ sún un kúrò lọ́dọ̀ fèrèsé. Ẹ ya ogún, kí inú yín dùn bí ẹyọ kan bá yọjú. Ẹyọ yẹn ni èyí tí ẹyinjú rẹ̀ dúró ṣinṣin tí ọwọ́ sì ń ṣàn bí èéfín. Bí ẹyinjú náà bá yọ́, àṣìṣe nìkan ló máa dà bí lójú ẹni tó ń wò ó.

Dígí. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe àwọn èèyàn níbí: férémù dígí ni kámẹ́rà máa ń dì mú, kì í ṣe ojú tó wà nínú rẹ̀. Lójú lẹ́ǹsì, ojú inú dígí jìnnà tó àlàfo kámẹ́rà sí dígí pẹ̀lú àlàfo dígí sí èèyàn. Ẹ fọwọ́ tẹ ojú náà gan-an.

Ìpele 6: Yíyàn àti àtúnṣe

Ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ gbogbo wọn di kékeré bí sítáǹbù lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ mú àwọn tó ń pe ojú láti ibẹ̀. Èyí tí kò bá fa ojú nígbà tó kéré, fífẹ̀ ẹ́ kò ní tún un ṣe.

Ní ti àtúnṣe, ẹ rọra mú kí etí fọ́tò ṣókùnkùn, kí ẹ sì fi òjìji sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré gbé òjìji sókè kí "ohun gbogbo lè hàn", wọ́n á wá sọ ìpele 2 di òfo. Ẹ má fọ awọ títí á fi dà bíi ike. Irorẹ́ tó bá yọ lánàá ni ẹ lè pa rẹ́, ìlà ẹ̀rín àti àpá tó ti bá ẹni náà dàgbà, tirẹ̀ ni. Ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun kìkì bí àwọ̀ bá ń bá ojú jà.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù sí ìdajì, kí ẹ ṣí fọ́tò náà, kí ẹ mú gbólóhùn ìpele kìíní jáde. Ẹ fi han ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń yà á, kí ẹ bi í pé kí ló kọ́kọ́ rí. Bó bá dárúkọ ohun tí ẹ kọ, ó ti ṣe. Bó bá ní "fèrèsé" tàbí "léèsì", ẹ padà sí ìpele 2, kí ẹ mú nǹkan kan kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi han ẹni tí ẹ yà gan-an, kí ó sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó gbé e síta.